Èdè Sàmóà ní Ẹnu Àwọn Èwe

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni a mú wá síwájú yín nínú ìwé wa ti ìgbà yìí. Bí a bá ń wo àwòrán ayé tí a fi kọ́ ara ògiri yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ojú wa kì í sábà dé apá ibi tí omi ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Níbẹ̀ ni Sàmóà wà, ní àárín Òkun Pàsífíìkì, bí ìgbà tí ènìyàn fọ́n ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sí ojú omi. Àwọn ará ibẹ̀ kò pọ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tí a kà ní orílẹ̀-èdè Sàmóà jẹ́ 205,557, ìyẹn kò sì tó iye àwọn tí ń gbé nínú ìlú ńlá kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀ a rí i pé àwọn ènìyàn kékeré yìí ti jìjàkadì lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, èyí ni bí èdè àti àṣà àwọn baba yóò ṣe dúró ní ọwọ́ àwọn ọmọ.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí nìyí: èdè kì í kọ́kọ́ kúrò ní etí ọmọ. Ẹnu rẹ̀ ni ó ti ń kọ́kọ́ kúrò, ìtìjú ni ó sì sábà máa ń lé e jáde.

Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí a mọ ilẹ̀ wọn díẹ̀. Erékùṣù méjì tí ó tóbi jù ni Savai'i àti Upolu. Upolu ni Apia tí í ṣe olú-ìlú wà. Àwọn ará Jámánì jọba níbẹ̀ láti 1900 títí di 1914, nígbà tí Niu Sílándì gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962 ni Sàmóà gba òmìnira. Ṣùgbọ́n láti 1900 ni Tutuila, tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ti bọ́ sí abẹ́ Amẹ́ríkà, abẹ́ rẹ̀ náà ni ó sì wà di òní olónìí. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní apá méjèèjì, àmọ́ ọjọ́ wọn kò bára mu mọ́. Ní ìparí ọdún 2011 ni ìjọba Sàmóà fo ọjọ́ kan kọjá kí kàlẹ́ńdà wọn lè bá ti Niu Sílándì àti Ọsirélíà mu: àwọn ará ibẹ̀ sùn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 29 oṣù kejìlá, wọ́n sì jí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 31. Nítorí náà, bí àwọn ará Apia bá ń jáde ní ilé ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ṣì jẹ́ fún àwọn ìbátan wọn ní Pago Pago, tí kò jìnnà sí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ilẹ̀ lè fi èyí dán wọn wò. Yóò mú wọn ronú.

Ìtàn ìwé kíkà wọn dàbí tiwa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yà wá lẹ́nu. Ní ọdún 1830 ni John Williams ti Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere ti London gúnlẹ̀ sí Sapapali'i ní Savai'i. Fauea, ọmọ Sàmóà kan tí ó bá wọn wọ ọkọ̀ láti Tonga, ni ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí wọn. Nígbà tí Williams sì padà lọ, àwọn olùkọ́ mẹ́jọ tí a bí ní erékùṣù mìíràn nínú òkun kan náà ni ó fi sílẹ̀ láti máa kọ́ni. Ní 1839 ni ìwé ìròyìn ìjọ tí wọ́n ń pè ní O le Sulu Samoa bẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Ògùṣọ̀ Sàmóà. Ní 1844 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Malua sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí yóò di àlùfáà àti olùkọ́ ìletò, irú ilé-ẹ̀kọ́ bí èyí tí a wà yìí. Ní 1855 ni ìtumọ̀ Bíbélì parí. Ẹ fi èyí wé tiwa: ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ní 1884 ni a sì rí odindi Bíbélì Yorùbá. Ogún ọdún gééré ni ìwé ìròyìn tiwọn fi ṣáájú. Kò yẹ kí a gbàgbé pẹ̀lú pé nínú Sulu yìí ni ìtàn tí Robert Louis Stevenson kọ nípa àǹjọ̀nú inú ìgò ti jáde ní èdè Sàmóà ní 1891. Ọ̀gbẹ́ni yìí, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ti wá tẹ̀dó sí Vailima lẹ́bàá Apia, níbi tí ó kú sí ní 1894. Tusitala ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, èyí ni akọ̀wé ìtàn.

Ní gbogbo ìletò ni àlùfáà ti ń kó àwọn ọmọdé jọ láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Pátákó kan wà tí wọ́n ń lò, Pi Tautau ni orúkọ rẹ̀, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní àwòrán tirẹ̀: gata, ejò, fún G; va'a, ọkọ̀ ojú omi, fún V. Lẹ́tà mẹ́rìnlá péré ni ó tó fún ọ̀rọ̀ tiwọn. Mẹ́ta yòókù, H àti K àti R, wá pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì. Ọmọ a máa fi ohùn orin ka gbogbo rẹ̀ títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Àwa gbàgbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ kékeré wọ̀nyí, tí owó wọn kò tó nǹkan, ni ó pa èdè náà mọ́ ju òfin èyíkéyìí lọ.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé ta kókó. Èdè Sàmóà ní ọ̀nà ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń pè ní gagana fa'aaloalo. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò tíì gbọ́ èdè náà tán, bí ó tilẹ̀ lè fi ra ẹja lọ́jà. Bí a bá ń pe ọmọdé tàbí ẹgbẹ́ ẹni pé kí ó wá, sau ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí olóyè ńlá bá ń bọ̀, afio mai ni a ó wí. Bí ó bá jẹ́ tulāfale, olóyè tí í ṣe agbẹnusọ, maliu mai ni. A sì ní susū mai fún àwọn olóyè mìíràn àti fún àlùfáà. Ilé ènìyàn lásán ni fale. Ilé olóyè ńlá ni maota. Ti agbẹnusọ ni laoa. Ikú pẹ̀lú ní oríṣi tirẹ̀: mate ni ti ẹranko, oti ni ti ènìyàn, ṣùgbọ́n tu'umālō ni a ń wí nípa olóyè ńlá.

Ǹjẹ́ èyí ṣe àjèjì sí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní ilé Yorùbá? Àwa pẹ̀lú kì í wí pé ọba kú. Ọba a máa wàjà ni. Àmọ́ ìyàtọ̀ kan wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ rí. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí ó bá ti mọ ìlò “ẹ” àti “o” ti ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi wọlé sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbà láìṣẹ̀. Ní Sàmóà, ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ ni yóò yí padà, àti orúkọ ilé, àti orúkọ oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí ipò ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí ọmọ tó la ẹnu, ó ní láti mọ ẹni tí ó jókòó níwájú òun, oyè tí ó ń jẹ, àti ibi tí oyè náà ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà, òfin kan tún wà pé ènìyàn kì í fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ pe ohun tirẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ilé ara rẹ̀ ní maota ti di ẹni ẹ̀rín. Ẹ̀kọ́ èdè àti ẹ̀kọ́ ìwà di ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìwé nìkan kò lè kọ́ni tán.

Níbo ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ ọ nígbà náà? Lẹ́nu iṣẹ́ ni. Gbogbo ẹbí, tí wọ́n ń pè ní 'āiga, ni ó ní olórí tí ó joyè, matai ni orúkọ rẹ̀, àwọn ará ilé ni wọ́n sì ń fi í joyè. Òwe wọn kan wí pé ọ̀nà tí ó lọ sí ibi àṣẹ ni ìsìn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì joyè ni ń gbóná òkúta fún ààrò ilẹ̀, tí ń gbé oúnjẹ síwájú àwọn àgbà. Nígbà tí àwọn olóyè bá ń mu 'ava, ohun mímu tí a fi gbòǹgbò igi ṣe, ọ̀dọ́ ni ń gbé ife lọ bá wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan bí a ti ń ké orúkọ ife olúkúlùkù. Bí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ni etí ń gbọ́. Ọmọ tí ó ti gbé ife fún ọdún mẹ́wàá yóò ti gbọ́ afio mai àti maliu mai níye ìgbà tí kò sí kíláàsì tí ó lè fún un. Òwe wọn mìíràn sì tún wà tí a fẹ́ràn gidigidi: àwọn ẹyẹ a máa fi òdòdó igi bọ́ ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni ènìyàn fi ń bọ́ ọmọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, pàápàá láti nǹkan bí 1950 títí di 1975, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Niu Sílándì ń wá òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ ará Sàmóà sì ṣí lọ síbẹ̀, àgàgà sí ìlú Auckland. Ìjọ wọn bá wọn lọ, Bíbélì wọn bá wọn lọ. Ohun tí kò lè bá wọn lọ ni ìletò. Bàbá ń ṣiṣẹ́ òru, ìyá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Ilé wọn kò ní ibi tí a lè ti gbẹ́ ààrò sí ilẹ̀. Olóyè tí ìbá jókòó ní àárín ilé ń to ẹrù ní ilé iṣẹ́ ẹlẹ́ran tútù. Ọmọ ṣì ń gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ tí ó ń fi í ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà ṣe àlàyé díẹ̀. Nínú ìkànìyàn Niu Sílándì ti ọdún 2018, àwọn ará Sàmóà jẹ́ 182,721. Àwọn tí ó lè sọ èdè Sàmóà jẹ́ 101,937. Ní 2023, àwọn ènìyàn náà ti di 213,069, àwọn tí ń sọ èdè náà sì jẹ́ 110,541. Ẹni tí ó bá wo ìlà èkejì nìkan yóò yọ̀, yóò ní èdè ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Àwọn ènìyàn fi ohun tí ó lé ní 30,000 pọ̀ sí i. Àwọn tí ń sọ̀rọ̀ fi 8,604 péré pọ̀. Níbi tí èdè ti ń pọ̀ sí i tí ó sì ń dínkù lẹ́ẹ̀kan náà, olùkọ́ ní láti mọ ìṣirò.

Báwo ni ó ṣe ń rí nínú ilé? Ìyá àgbà pe ọmọ pé kí ó lọ bu omi wá. Ọmọ gbọ́, ó dìde, ó bu omi wá. Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi béèrè bóyá omi náà tó. Kì í ṣe pé kò mọ ọ̀rọ̀ tí ìbá fi béèrè. Ó ti sọ ọ́ rí, ó sì ṣì í sọ, bóyá ó fi ọ̀rọ̀ ọmọdé bá àgbà sọ̀rọ̀, bóyá ó fi ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ pe ara rẹ̀, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Bí ó bá wá dákẹ́, tàbí tí ó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì, wọn a ní fia pālagi ni, ẹni tí ó fẹ́ di òyìnbó. Nígbà tí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ẹlòmíràn tún ń fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó jọ ti ará erékùṣù. Ẹ̀rín ní iwájú, ẹ̀rín ní ẹ̀yìn. Ọgbọ́n tí ọmọ ń dá nígbà náà kò ju ìdákẹ́ lọ, a kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pe ọ̀rọ̀ tún dá kún ìdààmú rẹ̀. Ní ilé ìsìn àti ní ilé-ẹ̀kọ́, wọn a máa pe T àti N bí a ti kọ wọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, T a di K, N a sì di ohùn imú tí wọ́n ń fi G kọ: tagata, ènìyàn, a di kagaka, fono, àpéjọ àwọn olóyè, a di fogo. Ọmọ tí ó kọ́ èdè rẹ̀ ní ilé ìsìn ní Auckland, tí ó sì lọ kí àwọn ìbátan ní Savai'i, yóò bá wọn níbi eré, yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní orí pẹpẹ. Wọn a tún rẹ́rìn-ín.

A gbọ́dọ̀ wí òtítọ́ pé àwọn olùkọ́ pàápàá ní ìpín nínú ọ̀ràn yìí. Ní ìgbà kan, àwọn olùkọ́ kan ní Niu Sílándì a máa gba àwọn òbí níyànjú pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa sọ nílé bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọ wọn yege. Èyí kò dára rárá. Òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì délẹ̀ wá ń fi ìwọ̀nba tí ó gbọ́ tọ́ ọmọ, ọmọ sì pàdánù ìtàn, àlọ́, ìbáwí àti àwàdà tí òbí náà ìbá fi èdè tirẹ̀ sọ dáadáa. Kí a má sì rò pé òkèèrè nìkan ni irú rẹ̀ wà. Àwa náà mọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ní àgbàlá. A kò ní dárúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ ìjọba pẹ̀lú wọ inú rẹ̀. Láàrín 1974 sí 1976, nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀ mọ́, àwọn ọlọ́pàá Niu Sílándì ń ya wọ ilé àwọn ará erékùṣù ní àfẹ̀mọ́júmọ́ láti wá àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ti kọjá àkókò. Kò lè rọrùn fún òbí ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ láti kọ́ ọmọ pé kí ó máa sọ èdè rẹ̀ sókè ní òpópónà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni olórí ìjọba, Jacinda Ardern, tọrọ àforíjì ní gbangba ní Auckland, ọ̀nà tí ó sì gbà ṣe é ni ó mú kí a mẹ́nu kàn án níhìn-ín. Ní àṣà Sàmóà, ẹni tí ó ṣẹ̀ a máa jókòó ní gbangba, a ó fi ẹní àtàtà tí wọ́n ń pè ní 'ie tōga bò ó lórí, yóò sì wà níbẹ̀ títí àwọn tí a ṣẹ̀ yóò fi wá ṣí i kúrò. Ifoga ni orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó jókòó, tí a fi ẹní bò ó, tí a sì ṣí i. A rò pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí sí ìlú náà, tí wọ́n ń rí ẹní yìí níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú láìmọ ohun tí wọ́n ń gbé e kiri fún, mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Ta ni ó wá gbé ìgbésẹ̀? Àwọn Maori tí wọ́n ni ilẹ̀ náà ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Ní 1982 ni wọ́n ṣí ìtẹ́ èdè wọn kìn-ín-ní, Kōhanga Reo, níbi tí àwọn àgbà ti ń fi èdè Maori nìkan tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn obìnrin Sàmóà rí i, wọn kò sì jáfara. Ní 1984 ni A'oga Fa'a Samoa bẹ̀rẹ̀ ní Auckland. Ó wá kó lọ sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Richmond Road, ní 1990 ni ìjọba sì fún un ní ìwé àṣẹ, òun ni ó kọ́kọ́ gbà á nínú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ti àwọn ará Pàsífíìkì ní ilẹ̀ náà. Irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, a'oga amata, ti pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn. Ohun tí ó wù wá nínú rẹ̀ ni pé a kì í kọ́ ọmọ ní èdè níbẹ̀ bí ẹni ń kọ́ni ní ìṣirò. A ń fi èdè wẹ ọwọ́ rẹ̀, a ń fi í fún un ní oúnjẹ, a ń fi í pàrọwà fún un nígbà tí ó bá ń sunkún. Àléébù ibẹ̀ ni pé bí ọmọ bá ti pé ọdún márùn-ún, ó sábà máa ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì bá nínú ọ̀pọ̀ jùlọ wọn. Ní Richmond Road, kíláàsì elédè méjì wà tí ó lè gbà á. Níbi tí kò bá sí, ohun tí a fi ọdún mẹ́ta gbìn lè rọ kí ọdún méjì tó pé.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí a mú ohun kan ṣoṣo, ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù kẹwàá ni a ó mú, èyí tí wọ́n ń pè ní Lotu Tamaiti, ìsìn àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ náà, ní Sàmóà àti ní ibi gbogbo tí ìjọ wọn wà, gbogbo ọmọ a wọ aṣọ funfun. Àwọn ni yóò darí ìsìn. Wọn a ka ẹsẹ Bíbélì lórí, wọn a kọrin, wọn a ṣe eré ìtàn inú Ìwé Mímọ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta a mú ẹsẹ kúkúrú kan, ọ̀dọ́ a mú odindi orí. Nígbà tí wọ́n bá délé, nǹkan a yí padà: àwọn àgbà ni yóò gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí ìkórè àwọn ọmọdé ní ìjọ tiwa mọ irú ìdùnnú tí a ń sọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì rí ìjọ tiwa tí àwọn àgbà ti ń sin ọmọ níbi oúnjẹ.

Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ yóò wí pé àkọ́sórí bí ayékòótọ́ ni, pé ọmọ lè ka orí kan lọ láìmọ ohun tí ó kà. Òótọ́ ni, a sì ti jiyàn lórí rẹ̀ nínú yàrá wa títí iná fi kú. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí ọmọ yẹn ti ṣe. Ó ti dúró níwájú àwọn olóyè, àwọn àlùfáà àti gbogbo ẹbí. Ó ti la ẹnu rẹ̀ sókè ní èdè àwọn baba rẹ̀. Kò sì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ náà tó pé ni ìyá àgbà ti ń tún ohùn rẹ̀ ṣe ní ilé. Ìtumọ̀ lè tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ìgboyà ni kò rọrùn láti rí.

Ọ̀sẹ̀ Èdè Sàmóà náà wà, tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ èdè náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FAGASA àti ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Niu Sílándì dá sílẹ̀ ní 2007. Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, kí ó lè súnmọ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà tí Sàmóà ń ṣe àjọ̀dún òmìnira rẹ̀. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ a lẹ talofa mọ́ ògiri. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Ó dára kí ọmọ gbọ́ èdè ilé rẹ̀ ní ẹnu olùkọ́ tí kì í ṣe ará Sàmóà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan nínú méjìléláàádọ́ta ni. A fẹ́ràn Polyfest jù ú lọ, àjọ̀dún ijó àti orin tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Auckland bẹ̀rẹ̀ ní 1976, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń múra sílẹ̀ fún un, tí wọn kò sì lè kọ orin náà dáadáa láìbéèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ àgbà.

Ọ̀rọ̀ àmì orí lẹ́tà kan àwa tí ń kọ́ni ní Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní èdè Sàmóà, ava ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà la àárín àpáta òkun kọjá. 'Ava ni ohun mímu tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Āvā sì ni ìyàwó. Fai ni ṣíṣe, fa'i ni ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tama ni ọmọkùnrin, tamā ni bàbá. Láti nǹkan bí 1960 sí 1970 ni wọ́n ti pa àwọn àmì yìí tì nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ èdè kò nílò wọn. Ní 2012 ni ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Sàmóà pinnu láti dá wọn padà. Ìdí rẹ̀ yé wa. Àgbà ń kàwé láti inú ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀. Ọmọ tí a bí sí Auckland tàbí Sydney ń fi ìwé wá ohun tí etí rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ẹni tí ó bá kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bákan náà láìsí àmì ń kọ̀wé fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni. A bẹ àwọn ọ̀rẹ́ wa tí ń fi àmì sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n ro èyí wò kí olùkọ́ tó fi gègé pupa rò ó fún wọn.

Ní ilé ní Sàmóà fúnra rẹ̀, ìjọba ti ṣe òfin ní 2014 láti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ èdè, ní 2019 ni UNESCO sì kọ iṣẹ́ ẹní 'ie tōga mọ́ àwọn ogún àṣà gbogbo ayé. Àwọn obìnrin ń hun ẹní náà ní àjùmọ̀ṣe, ó sì lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù kí ọ̀kan tó parí. Àwọn ọmọbìnrin tí ó jókòó tì wọ́n ń gbọ́ ìtàn ẹbí bí ewé ti ń kọjá ní ọwọ́.

A ti pinnu láti dán nǹkan kan wò nígbà ìdánrawò ìkọ́ni wa tí ń bọ̀. Nínú kíláàsì kékeré, bí ọmọ bá fi Gẹ̀ẹ́sì tàbí àdàlù ọ̀rọ̀ dáhùn ìbéèrè tí a fi Yorùbá bi í, a kò ní bá a wí, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. A ó gba ìdáhùn rẹ̀, a ó tún un sọ fún un ní Yorùbá tí ó gún, a ó sì dúró, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, títí yóò fi sọ ọ́ padà. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ọmọ méjì yóò gbé omi fún olùkọ́ àgbà tàbí àlejò, wọn a sì kí i pẹ̀lú ìkíni tí ó tọ́ sí ipò rẹ̀. Ìyá tàbí ìyá àgbà wọn ni yóò kọ́ wọn ní ìkíni náà nílé, kì í ṣe àwa. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, jọ̀wọ́ kọ̀wé sí olóòtú kí oṣù yìí tó parí, kí o sì sọ bí àwọn ọmọ ti gbà á àti iye ìgbà tí o ní láti dúró.